Ọ̀pá Metro Kò Ní Òsì, Kò Ní Ọ̀tún

Dobrava,
Saskatchewan.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹta, 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Tekla,

Mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà, mo sì kí gbogbo ará ilé yín lọ́hùn-ún létí òkun. Mo gbà pé ara yín le, àti pé orúnkún tó ń dà yín láàmú nígbà Kérésì ti gbọ́ ti òróró tí mo fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá ń béèrè wa, a dúpẹ́, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀. Òtútù ṣì wà níta, ṣùgbọ́n ilé gbóná, ọ̀dùnkún inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kò sì tíì dé ìsàlẹ̀ àpò.

Ẹ máa ní kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí tẹlifóònù. Mo gbé e, mo tún gbé e sílẹ̀. Ìròyìn yìí gùn, àwọn oní-tẹlifóònù kì í sì í torí pé inú èèyàn dùn kí wọ́n dín owó kù. Sítáǹpù kan ṣoṣo ló máa gbé gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì láìsanwó kún un.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Halia ọmọ wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ife họ́kì. Àwọn ọmọbìnrin Dobrava na Stanwick ní góòlù mẹ́ta sí méjì ní àṣekágbá, lórí yìnyín tiwa gan-an, ọmọ yín ló sì gbá èyí tó parí ẹjọ́. Ife náà wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù báyìí, láàárín àpò ìyẹ̀fun àti bàtà òjò. Lánàá, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá ju bí ohun tí mo fẹ́ rà ṣe pọ̀ tó lọ. Ṣùgbọ́n ife nìkan kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ọ̀pá Metro ló fi gbá a.

Ẹ ó rántí ọ̀pá náà, bí ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ràn họ́kì rí. Irin búlúù tó fúyẹ́ yẹn ni, tí Metro ọkọ mi rà lọ́dún tí àlìkámà ṣe dáadáa, tí mo sì fi bá a jà títí ìkórè fi dé. Irin ni ara rẹ̀, igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń tẹ yìnyín tó sì ń gbá róbà dúdú tó jẹ́ bọ́ọ̀lù họ́kì. Bó bá ṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ki òmíràn bọ inú irin. Ohun tí Metro fi bẹ̀ mí nìyẹn. Ó ní, "Paraska, ẹ̀ẹ̀kan la máa ra irin, ẹsẹ̀ nìkan la ó máa pààrọ̀." Láti ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró nínú ilé màlúù lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọ̀pá náà ti wà lórí ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí mo bá ń nu ògiri, mo máa ń nù ún. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ sì mọ bí Halia ṣe ń di tirẹ̀ mú. Ṣebí ẹ wà níbí lọ́jọ́ Àjíǹde tí Metro gé ọ̀pá kékeré fún un. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà sókè, ó gbé ti òsì sísàlẹ̀, bí òun náà ṣe ń dì í, bí èyí tó pọ̀ jù nínú ọkùnrin ìlú yìí ṣe ń dì í. Ẹni tó bá ń gbá a báyẹn, apá òsì rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pá máa wà, òun làwọn èèyàn wa ń pè ní ọlọ́wọ́ òsì, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun. Ọmọ náà yí i padà. Bàbá rẹ̀ tún un tò, ó tún un yí padà, ó wá tẹjú mọ́ ọn bí ewúrẹ́ tó ti jẹ iṣu tán. Metro rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yìnyín. Ó ní, "Ó dáa, máa gbá a láti ọ̀tún. Ó ṣáà yẹ kẹ́nìkan dúró lápá ibẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọmọ yìí ṣẹ̀fẹ̀ pé kò mú ti bàbá rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sin Metro, mo rí i pé ẹ̀fẹ̀ náà ti di egungun sí ọmọ náà lọ́fun.

Ní ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ọmọbìnrin kan láti ìlú Kánmọ̀ tó sanra bí ìyá rẹ̀ tẹ ọ̀pá Halia mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́ pápá, irin náà sì ká kò bí ṣíbí. Wọ́n wọlé sí àṣekágbá, àmọ́ Halia gbé irin kíká náà wálé bí ẹni gbé adìẹ tó kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ dáadáa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà; ara rẹ̀ ló bàjẹ́. Mo rí i tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo ti bàbá rẹ̀ lórí ìṣó. Mo ní, "Mú un, kò sẹ́ni tó ń lò ó." Ó ní, "Màmá, ti ọlọ́wọ́ òsì nìyẹn. Kò bá mi mu. Kò sí nǹkan Tato kankan tó bá mi mu." Tato ló ń pe bàbá rẹ̀ láti kékeré. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni sọ pé òjò ti dá, ó sì wọlé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù lọ.

Nígbà tó lọ sí iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ mọ̀ pé Bàbá ló pè mí wá sóko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń fi owó díẹ̀ ra nǹkan púpọ̀ mọ bí a ṣe ń yí ọjà wò. Mo yí i wò. Igun mẹ́rin, ojú mẹ́rin, bíi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fá dán. Mo wo orí, mo wo ìdí. Kò tẹ̀ síbì kan, kò wú níbì kan. Mo wá gbé ṣọ́bìrì yìnyín wa tì í. Láti ọdún tí mo ti ń fi ṣọ́bìrì yẹn kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, kò bi mí rí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń jẹun. Tí ọ̀tún bá rẹ̀ mí, mo máa ń yí i sí òsì, ó sì máa ń tẹ̀ lé mi. Ẹsẹ̀ ọ̀pá họ́kì ló tẹ̀. Ti Metro tẹ̀ síhìn-ín, ti Halia tẹ̀ sọ́hùn-ún, ibẹ̀ nìkan ni òsì àti ọ̀tún wà. Irin òkè ò mọ ẹnìkan yàtọ̀ sẹ́nìkan.

Mo tan sítóòfù. Mo ń yí ìdí irin náà lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ fi rọ̀, mo fi àkísà di ẹsẹ̀ àtijọ́ mú, mo fà á, ó sì yọ bí eyín ọmọdé. Mo yọ ti Halia lára irin kíká náà bákan náà, mo ki i bọ inú ọ̀pá bàbá rẹ̀, ó wọlé ṣinṣin. Àmọ́ mo jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Ọ̀dà búlúù ìdí rẹ̀ jó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú bí mi sí ara mi, nítorí n kì í fẹ́ ba nǹkan jẹ́. N kò mọ̀ pé àpá yẹn ló máa jagun fún wa. Téèpù tí Metro fi wé orí ọ̀pá, tí òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti sọ di dúdú, n kò tú u. N kò tilẹ̀ nù ún.

Halia dé, ó rí i. Ó gbé e nàró sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó sì dé ibi tó yẹ kó dé, torí ọmọ náà ti ga tó bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé a fura. Ní ìdánrawò ọjọ́ náà mo lọ wò ó. Ó ń gbá a bí ẹni pé okùn ló so róbà mọ́ inú àwọ̀n. Àfi ìgbà tí bàbá arúgbó Nestor fara ti pákó. Ẹ mọ Nestor, òun ni olórí àwọn ọkùnrin tó ń mu kọfí ní ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, tí wọ́n ń ṣèjọba lé gbogbo ayé lórí láti orí àga. Ó ké sí i pé, "Ọmọ Metro, ọ̀pá òsì lo mú yẹn o. Òun àti ọwọ́ rẹ ò lè gbọ́ra wọn yé. Ibi tó mọ̀ ló máa fà ọ́ lọ." Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ lára. Gbogbo èyí tó gbá lẹ́yìn ìyẹn, ògiri ló lọ bá. Ọ̀kan lu fèrèsé kàǹtíìnì, ó kù díẹ̀ kó ṣẹ́ mi lápá.

Glenda, kóòṣì wọn, tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Halia, ẹ dákun, ẹ wá ọ̀pá míì fún un. Òun nìkan ni mo ní tó ń gbá láti apá ọ̀tún. Tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí nílé lọ́jọ́ Sátidé, ká kúkú gbé ife fún Stanwick kí wọ́n má wulẹ̀ jó epo wá." Mo ní mo gbọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀pá lọmọ mi nílò. Tí mo bá ra òmíràn fún un, ó lè gba ife, ó lè má gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó máa gbé e dàgbà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí iléèwé tó wọlé, mo mú òun àti ọ̀pá náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọba kọfí ti jókòó. Mo ní kí gbogbo wọn lè gbọ́, "Clayton, mo fẹ́ ra irin ọ̀pá họ́kì, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún." Clayton Boyle tó ni ṣọ́ọ̀bù ò gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wà nínú àgbá." Ẹ̀gbọ́n mi, inú àgbá kan ṣoṣo ni gbogbo irin náà wà. Àwọn ẹsẹ̀ igi ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ní ìlà méjì, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀. Mo ní, "Èwo ni ti ọ̀tún nínú wọn?" Clayton ṣí ojú ewé míì. Nestor ló dìde. Ó ní, "Sún, àwọn obìnrin ò mọ nǹkan wọ̀nyí, jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

Ó fa ọ̀kan yọ, ó yí i. Ó fa òmíràn yọ, ó yí ìyẹn náà. Ó wọ dígí rẹ̀. Ó gbé méjèèjì sí ojú iná, ó dì wọ́n mú ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tí ìyẹ́ rẹ̀ ò gbé e. Ẹnìkan nínú wọn ní, "Nestor, kọfí rẹ ń tutù." Ẹlòmíràn ní kó tọ́ ọ wò bóyá á mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó wá kọjú sí Clayton, ó ní, "Níbo lẹ kọ ọ́ sí?" Clayton ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Nestor ní, "Láti ìgbà wo?" Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń tà á." "Kí ló wá dé tí o ò sọ?" "Ẹ ò bi mí. Ẹ máa ń wọlé pé ẹ fẹ́ irin òsì, mo máa ń fa ọ̀kan yọ fún yín, inú yín á dùn, ẹ ó sì lọ." Nestor bọ́ dígí rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ọmọ ọmọ mi yí ọwọ́ padà, mo ra òmíràn fún un." Clayton ní, "Mo rántí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwo mì lórí tábìlì. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín Nestor fúnra rẹ̀, mo yìn ín fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ti Halia, tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fa irin tuntun kan yọ nínú àgbá, ó dì í mú pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, ó dijú, ó ní kí n máa yí wọn fún òun lọ́wọ́. Mo yí wọn síhìn-ín, mo yí wọn sọ́hùn-ún. Kò lè sọ pé apá ibí ni tòsì. Téèpù àtijọ́ nìkan ló fi mọ èyí tó jẹ́ ti Tato. A ò ra nǹkan kan, Clayton sì fi ojú sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Nínú ọkọ̀, ó gbé ọ̀pá náà lé itan. Ó ní, "Màmá, kò ní apá." Mo ní, "Kò ní." A kọjá ilé àlìkámà. Ó wá ní, "Tèmi ni nígbà náà." Mo ní, "Tìrẹ ló ti jẹ́ láti ọjọ́ yìí, ìwọ ni ò mú un." Mo yí ojú sí ojú ọ̀nà, nítorí yìnyín wà lórí títì, n kò sì fẹ́ kó rí ojú mi.

Ó ku Wally. Ọmọ àbúrò bàbá Metro ni, ẹ ó rántí rẹ̀ níbi ìgbéyàwó wa, òun ló jó títí tí sòkòtò rẹ̀ fi ya. Stanwick ló ti fẹ́yàwó, òun sì ni kóòṣì àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá họ́kì lòdì sí Metro, kò sì sí ọdún tí ọ̀pá búlúù yẹn ò pa á lẹ́kún. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà ní kàǹtíìnì, mo ń din ọ̀dùnkún, mo ń ta pẹ̀rógì tí mo fi ìyẹ̀fun sè, ó wá fi ìgbọ̀nwọ́ ti pákó mi. "Ìyàwó wa, kọfí kan. Má bu omi là á o." Mo ní, "Èyí tí a ń fún àlejò lo máa mu." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí wọlé.

Ó ní, "Mo rí ọmọ wa tó ń mú ara gbóná. Ọ̀pá Metro ni mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti bà mí létí rí. Ọ̀pá òsì ni. Ọmọ yìí sì ń fi gbá láti ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ tún jóná. Kí lo ṣe sí i?" Mo ní, "Ṣé o máa fi mílíìkì sí i?" Ó ní, "Orí sítóòfù lo ti tẹ̀ ẹ́ padà, àbí?" Mo ní, "Ṣúgà ńkọ́?" Ó tẹ ìka mọ́ imú, ó ní, "Paraska, o mọ̀ pé wọ́n máa ń wọn ọ̀pá." Mo ní, "Wọ́n máa ń gba owó kọfí náà." Ó sanwó, ó sì gbàgbé ṣéńjì rẹ̀. Wally tí mo mọ̀ kì í gbàgbé ṣéńjì. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò purọ́ fún un. Tí èèyàn bá ti pinnu ohun tó fẹ́ gbà gbọ́, n kì í ná ọ̀rọ̀ mi lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin náà fún yín kí ẹ má baà sọnù. Àwọn kan máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀pá sórí iná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, kí róbà lè máa fò. Òfin ò gbà á. Kóòṣì kan lè sọ fún rẹfirí pé kó wọn ọ̀pá ẹnìkan ní ìhà kejì. Bó bá tẹ̀ jù, ẹni tó ni ọ̀pá náà máa lọ jókòó sínú àpótí ìjìyà, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ku ẹnìkan lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n bó bá tọ́, ẹgbẹ́ ẹni tó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ló máa jìyà. Nítorí náà, èèyàn kì í bẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi tó bá dá a lójú hánún-hánún.

Stanwick ló kọ́kọ́ wọlé sí wa. Àwọn ọmọ wa dá a padà. Stanwick tún gbá ọ̀kan, Halia sì dá ìyẹn náà padà pẹ̀lú ọ̀pá bàbá rẹ̀, láti apá ọ̀tún, gba abẹ́ apá aṣọ́lé wọn. Gbogbo ilé dìde. Mo rí Wally tó di ọwọ́ mú lẹ́yìn, tí kò wo róbà mọ́, tó jẹ́ ìdí ọ̀pá náà ló ń wò. Méjì sí méjì la wà títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìgbà yẹn ni Wally na ọwọ́ sókè, tó pe rẹfirí, tó sì nàka sí ọmọ mi.

Rẹfirí gba ọ̀pá lọ́wọ́ Halia. Bó ṣe ń gbé e lọ sídìí tábìlì, ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ó parí. Mo mọ̀ pé ọ̀pá òsì nìyẹn." Nestor dá a lóhùn láti iwájú, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ní, "Panu mọ́, ìwọ. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀." Rẹfirí tẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá sórí tábìlì, ó fa téèpù ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó fi irin ìwọ̀n kékeré rẹ̀ kàn án. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Wally na ọrùn. Halia dúró láàárín yìnyín láìní nǹkan lọ́wọ́, kò sì tẹ orí ba. Ó ń wo ojú mi láti ọ̀nà jíjìn. Mo mi orí sí i pé kó fọkàn balẹ̀.

Rẹfirí dìde, ó fi ọ̀pá náà fún Halia, ó yíjú sí Stanwick, ó sì nàka sí àpótí ìjìyà. Ariwo tó sọ, mo rò pé òrùlé ló já. Wally gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó wò ó, ó tún gbé e dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jókòó sínú àpótí, ó ń wo kóòṣì rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò lórí. Ọ̀dùnkún mi ti ń jóná nínú òróró nígbà yẹn, odindi páànù kan. N kò yíjú wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé mi tí nǹkan rírà ń jóná lójú mi tí kò dùn mí.

Glenda rán Halia padà wọlé. Wọ́n ti pọ̀ ju Stanwick lọ ní ẹnìkan, wọ́n ń ta róbà fún ara wọn yíká, wọ́n ò kánjú. Àwọn ọmọ Stanwick ń sáré láti apá kan dé ìkejì bí adìẹ tó rí àṣá. Róbà wá bọ́ sí apá ọ̀tún, níbi tí Metro ní kẹ́nìkan dúró sí. Ọmọ wa ló dúró níbẹ̀. Ó gbé ọ̀pá búlúù náà sẹ́yìn. Bó ṣe gbá a, n kò rí róbà rárá, àwọ̀n ni mo rí tó mì.

N kò mọ bí mo ṣe jáde ní kàǹtíìnì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi lórí yìnyín pẹ̀lú éépúrọ́ọ̀nù lára àti ṣíbí ìdinǹkan lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì ti gbé Glenda lé èjìká. Lẹ́yìn náà wọ́n tò sórí ìlà kí wọ́n lè bọ ara wọn lọ́wọ́ bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tí Wally dé ọ̀dọ̀ Halia, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí i." Ó gba ọ̀pá náà. Ó dì í mú bí ọlọ́wọ́ òsì, ó yí i, ó dì í mú bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tún un yí. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, o lè sọ fún mi." Mo ní, "Mo bi ọ́ bóyá o fẹ́ mílíìkì." Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí Metro fi ń nà mí, mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀pá yìí ló ń ṣe é." Kí n tó fọhùn, Halia ti gba nǹkan rẹ̀. Ó ní, "Rárá, bọ̀ọ̀dá Wally. Tato ló ń ṣe é. Lónìí, èmi ni."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún Metro ti máa ń di téèpù dúdú yẹn mú ni ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ dì mú. Ibẹ̀ gan-an ni, kò fi ìka kan yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mo máa dá a dúró sí rèé, nítorí ìwé yìí ti fẹ́ nípọn ju sítáǹpù rẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́run bá mi fún orúnkún yín lókun, kí ẹ má fẹsẹ̀ kọ, kí iná ilé yín má kú, kí ohun tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ má ṣàjèjì sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí ìkórè tó dé, kí a ti fojú gán-án-ní ara wa ní ayọ̀. Halia kí yín. Ó ní kí ẹ wá wo òun lọ́dún tó ń bọ̀, òun máa fi yín sí apá ọ̀tún kí ẹ lè rí nǹkan.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbé pọ̀n,
Paraska.

Ohun tó ṣẹ́kù: Mo ní kí Halia gbé ọ̀pá padà sórí ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yìnyín ọdún tó ń bọ̀ á fi dì. Ó kọ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn òun ló máa wà. Ìṣó gidi ni, kò yẹ kó wà lásán. Mo ti fi ẹ̀wù òtútù mi kọ́ ọ.